Ìrìn-Àjò Sọ́jà Alaba: Ẹ Yẹ Etí Bàbá Wò Kẹ́ ẹ Tó Ra Sípíkà Tòkunbọ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Bí ọ̀rọ̀ bá wá di ti ká ra sípíkà àlòkù, ojú nìkan ò tó o. A máa lo imú, a máa lo ọwọ́, etí ẹni tí a fẹ́ rà á fún gan-an la sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Àwọn èèyàn tún ti ń wá sípíkà àtijọ́ kiri báyìí, àwọn onípákó ńláńlá tó máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ gírámù ní pálọ̀ àwọn bàbá wa láyé ọjọ́un. Àwọn kan ṣì ní àwo orin Haruna Ishola àti Yusuf Olatunji nílé, wọn ò sì fẹ́ kó kú sínú eruku. Àwọn mìíràn gbà pé pákó ayé àtijọ́ lágbára ju tòde òní lọ. Ṣùgbọ́n èyí tí mo máa ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn tó ń wá sí ilé ìwòsàn ni pé: "Nọ́ọ̀sì, Bàbá ò gbọ́ rédíò dáadáa mọ́, a fẹ́ lọ ra sípíkà ńlá fún wọn." Ọ̀rọ̀ yìí ló gbé mi dé ọjà Alaba International, ní Ọ̀jọ́, nílùú Èkó.

Ọ̀nà ibẹ̀ ò le mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti Marina lè wọ ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò lọ́dún 2023, yóò sì gbé e dé Mile 2. Ibẹ̀ la ti máa wọ bọ́ọ̀sì tó ń gba ọ̀nà Badagry lọ. A máa kọjá Festac, níbi tí wọ́n kọ́ ilé sí fún àwọn àlejò tó wá ṣe àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú lọ́dún 1977, a máa kọjá Trade Fair náà. Ẹ ṣáà sọ fún kọ̀ńdọ́kítọ̀ pé Alaba lẹ ń lọ. Bí àgbàlagbà bá wà pẹ̀lú yín, òwúrọ̀ ni kẹ́ ẹ lọ, kí oòrùn tó mú. Ẹ jẹ́ kó jẹun, kó lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ tó bá ní in, kó wọ bàtà pẹlẹbẹ, kẹ́ ẹ sì mú omi dání. Ìrìn inú ọjà yẹn kì í ṣe kékeré.

Bí ẹ bá ti wọ ọjà, ẹ ò ní í béèrè ibi tí wọ́n ti ń ta sípíkà, etí yín ló máa mú yín débẹ̀. Fújì ń dún lápá ọ̀tún, orin ìjọ ń dún lápá òsì, orin àwọn ọmọ ìwòyí ń dún lẹ́yìn. Tẹlifíṣàn wà lórí ara wọn bí ìdì igi, àwọn alábàárù ń gbé fíríìjì kọjá lórí, wọ́n ń pariwo pé, "Ẹ yà o!" Àwọn sípíkà àtijọ́ sì tò sí iwájú ṣọ́ọ̀bù bí àgbà ìjòyè, àwọn kan láti Jámánì, àwọn kan láti Japan, àwọn kan láti Ìlú Ọba.

Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ mi bọ̀ ọ́ díẹ̀ níbí. Bí ẹ bá dúró síwájú ẹnì kan, tí àlàfo àárín yín ò ju ìnà ọwọ́ kan lọ, tó sì di pé ẹ ní láti pariwo kó tó gbọ́ yín, ariwo ibẹ̀ ti tó dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 85. Wákàtí 8 lóòjọ́ ni wọ́n gbà pé òṣìṣẹ́ lè fi wà nínú irú ariwo bẹ́ẹ̀. Bó bá fi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 3 péré lé sí i, àkókò náà á dín kù sí ìdajì. Bó bá máa fi dé 100, ìṣẹ́jú 15 ló kù. Ẹ wá wo àwọn ọmọ tó ń ta ọjà níbẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Mo bi ọ̀kan nínú wọn bóyá etí rẹ̀ máa ń hó lóru, ó ní, "Màmá, ó ti mọ́ mi lára." Ohun tó ti mọ́ni lára yẹn ni àpẹẹrẹ àkọ́kọ́ pé etí ti ń bà jẹ́.

Ọmọ Ìbò lẹni tí mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń sọ Yorùbá bí ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó. Ó tú sípíkà kan níṣojú mi, ó sì fi ohun tó yẹ kí oníbàárà máa wò hàn mí. Ẹ gbọ́ ọ bí mo ṣe gbọ́ ọ.

Àkọ́kọ́, ẹ wo páálí tó rí bí àrọ tó wà láàárín sípíkà. Òun ló ń mì tí ohùn fi ń jáde. Ohun rírọ̀ kan ló so etí páálí yìí mọ́ irin. Nínú ọ̀pọ̀ sípíkà tí wọ́n ṣe láàárín 1970 sí 1990, fóòmù ni, fóòmù yẹn sì sábà máa ń jẹrà láàárín ọdún 10 sí 20. Ooru ilẹ̀ wa tún máa ń yá a. Ẹ fi ọmọ ìka kàn án. Bó bá ń rún tàbí tó ń lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, ó ti lọ nìyẹn. Oníṣẹ́ lè pààrọ̀ rẹ̀ o, ṣùgbọ́n ẹ yọ owó iṣẹ́ náà kúrò nínú iye tẹ́ ẹ máa san. Àwọn tí wọ́n fi aṣọ tàbí rọ́bà ṣe etí wọn máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìkejì, ẹ fi ìka ọwọ́ méjèèjì rọra ti páálí náà sẹ́yìn lọ́gbọọgba. Bí ẹ bá gbọ́ háráhárá, wáyà tó wà nídìí rẹ̀ ti ń ha irin, kò dáa mọ́.

Ìkẹta, ẹ mú bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo dání, èyí tó jẹ́ fóòtì 1.5, àti wáyà kúkúrú méjì. Ẹ fi kan ẹ̀yìn sípíkà lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ yọ ọ́ kíá. Bó bá dún "tọ́" tí páálí sì mì, ẹ̀mí wà nínú rẹ̀.

Ìkẹrin, ẹ ní kí wọ́n ṣí iwájú sípíkà méjèèjì, kẹ́ ẹ rí i pé inú wọn bára mu. Àpótí àtijọ́ lè wà níta kó jẹ́ pé ayédèrú ni wọ́n ti kì sínú.

Ìkarùn-ún, wọ́n máa ń kọ 4, 6 tàbí 8 ohms sẹ́yìn sípíkà. Iye yẹn ò gbọdọ̀ kéré sí èyí tí wọ́n kọ sẹ́yìn amplifier yín, kó má lọ jóná. Bó bá sì jẹ́ amplifier tó ti Amẹ́ríkà wá lẹ fẹ́ rà mọ́ ọn, ẹ wò ó dáadáa, torí fóòtì 120 ni tiwọn. Bí ẹ bá kì í bọ iná wa tó jẹ́ 230 láìlo tiransifọ́mà, èéfín lẹ máa rí.

Ìgbà tí mo ṣì wà níbẹ̀ ni obìnrin kan mú bàbá rẹ̀ wọlé. Bàbá náà á ti lé ní àádọ́rin ọdún. Olùtajà tan ìròyìn fún wọn lórí sípíkà kan. Bàbá mi orí. Ọmọ rẹ̀ ní, "Dádì, kí ni wọ́n sọ, sà?" Bàbá dáhùn pé, "Ohùn ẹ̀ ròkè dáadáa. Ọ̀rọ̀ tó ń sọ gan-an ni kò yé mi." Wọ́n gbé èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ wá, tí owó rẹ̀ tó ìlọ́po méjì. Ìdáhùn kan náà ni. Ni ọmọkùnrin yẹn bá pa á, ó ní, "Àǹtí, mi ò ní purọ́ torí owó. Bí mo bá gbé èyí tó tóbi jù nínú ọjà yìí fún Bàbá, bákan náà ló máa rí."

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, nọ́ọ̀sì ni mí. Ṣé ẹnikẹ́ni ti yẹ etí yín wò rí?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Rárá o, ọmọ mi. Ogbó ló dé."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn. Bí etí bá ń dàgbà, ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ ló kọ́kọ́ máa ń sá fún un, ohùn kíkẹ̀ á ṣì kù. Nínú èdè wa, dò-rè-mí ọ̀rọ̀ ṣì máa ń wọ etí irú àgbà bẹ́ẹ̀, nítorí ohùn ìsàlẹ̀ ló gbé e. Àmọ́ àwọn lẹ́tà bíi f, s, ṣ, k àti t, ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ ló gbé wọn. Bí ẹ bá ní, "Ẹ bá mi fọ ọ́," ó lè gbọ́, "Ẹ bá mi sọ ọ́." Ó ń gbọ́ ohùn, kò gbọ́ ọ̀rọ̀. Sípíkà ńlá á wá fi kún ohùn kíkẹ̀ tó ti ń gbọ́ tẹ́lẹ̀, á sì bo ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tó kù mọ́lẹ̀. Àwọn ará ilé á ní Bàbá ti ya olóríkunkun, Bàbá náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá jókòó.

Kì í sì í ṣe ogbó nìkan. Èérí etí tó ti dì lè fà á, nọ́ọ̀sì tàbí dókítà á sì yọ ọ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Àwọn oògùn bíi gentamicin àti kuiníìnì lè fà á, àtọ̀gbẹ náà lè dá sí i. Ẹ lọ sí ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀nà ọ̀fun ní ọsibítù ìjọba. UCH n'Ibàdàn àti LUTH n'Ídí-Àràbà ní in. Bí etí bá ṣàdédé di láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta, ẹ má ṣe jókòó sílé, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ lọ. Ẹ má fi ìyẹ́ adìyẹ, igi ìṣáná tàbí òwú orí igi ro etí o. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ lọ́dún 2021 pé àwọn tí etí wọn ní ìṣòro lágbàáyé lé ní bílíọ̀nù kan àtààbọ̀, nítorí náà kì í ṣe ohun ìtìjú.

Obìnrin yẹn ò ra sípíkà lọ́jọ́ náà. Ó ní ọsibítù ni owó ọwọ́ òun máa kọ́kọ́ lọ. Inú olùtajà ò sì bà jẹ́, ó ní kí wọ́n padà wá tí etí bá ti yá.

Bí wọ́n bá yẹ etí wò tán tẹ́ ẹ sì rà á, iṣẹ́ ṣì kù nílé. Ẹ kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀. Aáyán, ìdun àti eku fẹ́ràn inú àpótí sípíkà, òórùn ewu sì lè dá ikọ́ fée sílẹ̀ fún ọmọdé. Bí ẹ bá rí ìgbẹ́ eku, ẹ má gbá a ní gbígbẹ, nítorí ibà Lassa, tí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ nílùú Lassa ní Borno lọ́dún 1969, máa ń gba ara ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku wọlé. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bo imú, ẹ fi omi tẹ́ ẹ po jíìkì mọ́ rin ín, kẹ́ ẹ tó fi àkísà nù ún. Ìta ni kẹ́ ẹ ti ṣe é. Ẹ gbá fóòmù tó ti rún kúrò nílẹ̀ kí ọmọ má baà kó o sẹ́nu, ilẹ̀ pẹlẹbẹ ni kẹ́ ẹ sì gbé sípíkà kà, kó má wó lu ọmọ.

Ní ti ohùn, WHO ní àgbàlagbà lè fi wákàtí 40 lọ́sẹ̀ gbọ́ nǹkan tó jẹ́ dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 80, ti ọmọdé ò sì gbọdọ̀ ju 75 lọ. Ohun tó rọrùn ni pé, bí sípíkà bá ń dún, kẹ́ ẹ lè máa bára yín sọ̀rọ̀ láìpariwo. Fún ìròyìn àti ìwàásù, rédíò kékeré tó wà nítòsí àgbà sàn ju sípíkà ńlá tó wà lókèèrè lọ.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù. Kẹ́ ẹ tó wọkọ̀ lọ sí Alaba, ẹ wo abẹ́ àtẹ̀gùn àti yàrá ẹrù nílé tiyín. Bóyá sípíkà Bàbá tẹ́ ẹ fẹ́ gbé fún àwọn tó ń ra irin àlòkù wà níbẹ̀, tó jẹ́ fóòmù lásán ló kù tí wọ́n máa pààrọ̀.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká fi etí wa wá nǹkan tì. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.