Ènì Lórí Kọ́ńgò

Ìyá tí mo ń ra gàrí lọ́wọ́ wọn lọ́jà Ìkòtún kò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n kò sí ìpín kan nínú ìtàn mi tí wọn ò gbọ́. Ọmọ wọn obìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ ló ń kà á sí wọn létí lórí WhatsApp ní alẹ́ Jímọ̀, nígbà tí wọ́n bá ti palẹ̀ ọjà mọ́. Ní Sátidé kan báyìí, mo dé ìsọ̀ wọn, mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọn ò dáhùn bí wọ́n ṣe máa ń dáhùn.

"Ìyá Ìbejì, ọkùnrin yẹn ò dáa."

"Ọkùnrin wo, Ìyá?"

"Èyí tó o fẹ́ fún ọmọ ọlọ́mọ nínú ìtàn ẹ. Ọ̀rọ̀ dídùn ló kún ẹnu ẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti ń bọ̀ nílé wọn, kò tíì fún un ní ènì rí."

Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń wọn gàrí mi lọ. Wọ́n bu gàrí sínú kọ́ńgò títí tó fi ga sókè ṣóńṣó, wọ́n dà á sínú ọ̀rá, wọ́n wá fi ọwọ́ ọ̀tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e, wọ́n ká ìka pọ̀ pinpin kó má baà dànù. Ẹ̀kúnwọ́ yẹn kò sí nínú owó. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń gbà á, n kò sì fi ojú ìtàn wò ó rí.

Ìtàn ìfẹ́ ni mò ń kọ. Orí fóònù ni mo ti ń kọ ọ́, láàárín aago mẹ́rin sí mẹ́fà ìdájí, kí àwọn ìbejì tó jí. Ìpín kan lọ́sẹ̀, àwọn òǹkàwé á san owó kékeré, mo sì ti tẹ ìwé méjì jáde. Ìkejì, ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú ló bá mi tẹ̀ ẹ́, ẹ̀dà ọ̀ọ́dúnrún. Ojú ìwé 33 sí 48 kò sí nínú rẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni ọkọ àti ìyàwó ti parí ìjà. Òǹkàwé méjì péré ló pè mí. Àwọn tó kù gbà pé bí tọkọtaya ṣe ń ṣe nìyẹn: lónìí wọ́n ń jà, lọ́la wọ́n ti ń jẹun nínú àwo kan, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín.

Ìwé àkọ́kọ́ ló yẹ kí ojú tì mí sí jù. Ìwé Òyìnbó ni mo ti kà jù nígbà náà, mo sì mú kí ọkùnrin inú rẹ̀ tan àbẹ́là sórí tábìlì oúnjẹ fún obìnrin tó fẹ́ fẹ́. Òǹkàwé kan láti Ẹ̀gbẹ́dá kọ̀wé sí mi, ó ní ṣé NEPA ti mú iná lọ ni. Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo gbọ́ ohun tó ń sọ. Láti ìgbà náà, àwọn olólùfẹ́ mi kì í rìn létí òkun mọ́. Àga ẹ̀yìn kòròpé ni wọ́n ń jókòó sí láti Ìgándò dé Ìkòtún, orúnkún wọn ń kan ara wọn nítorí kò sí ibòmíràn tí orúnkún lè gbà. A pọ̀: ìkànìyàn 2006 ní àwa ará ìjọba ìbílẹ̀ Alímòṣọ́, tí Ìkòtún wà nínú rẹ̀, jẹ́ 1,277,714. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ka tiwọn, wọ́n ní a lé ní mílíọ̀nù méjì. Bí ìjọba méjì ò bá lè fẹnu kò lórí iye orí wa, ta ni yóò mọ iye àwọn tó ń fẹ́ra wọn sílẹ̀ láàárín wa?

Ìtàn tí mò ń tà ní ìpín-ìpín yìí kì í ṣe nǹkan tuntun. Ní 1929, I. B. Thomas tó ni ìwé ìròyìn Akéde Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Ṣẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, ẹlẹ́gbẹ̀rún ọkọ láyé. Obìnrin náà ń ṣàìsàn, ó ń ronú pìwà dà, ó ń ka ẹ̀ṣẹ̀ ìgbà èwe rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Àwọn ará Èkó ń retí lẹ́tà yìí bí ẹni retí ìròyìn ilé. Wọ́n ń kọ̀wé bá a kẹ́dùn, wọ́n tilẹ̀ fi owó ránṣẹ́ sí i. Thomas ló ń kọ gbogbo rẹ̀. Ní 1930 ó kó wọn jọ di ìwé, òun sì ni ọ̀pọ̀ ń pè ní ìwé ìtàn-àròsọ àkọ́kọ́ lédè Yorùbá. Kí ló jẹ́ kí wọ́n gbà á gbọ́? Orúkọ àdúgbò Èkó wà níbẹ̀, orin tó gbòde nígbà náà wà níbẹ̀, orin ìjọ wà níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ orin tí gbogbo wa ń kọ, a ó gbà pé a ti jọ rìn rí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan yóò bá mi jà lé lórí: n kò fọkàn tán Àjàní inú *Ó Le Kú*. Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ìwé yẹn ní 1974, ó kọ ọ́ débi pé kò sí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá tí kò mọ Aṣákẹ́, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tí Àjàní ń fẹ́. Ṣùgbọ́n Àjàní lẹ́nu jù. Nígbà tí Túndé Kèlání sọ ọ́ di fíìmù ní 1997, kí ni àwọn obìnrin ilẹ̀ wa mú nínú rẹ̀? Wọn ò mú ọ̀rọ̀ ẹnu Àjàní. Ìró péńpé àti bùbá ni wọ́n sáré lọ rán, wọ́n sì sọ aṣọ náà ní Olékù. Ìyá onígàrí yóò ní wọ́n mọ ohun tó ṣeé dì mú.

Ní ìjọ wa, ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́yìn ìsìn, wọ́n ní ìwọ tó o mọ Bíbélì tó báyìí, kí ló dé tó o fi ń kọ ọ̀rọ̀ ọkùnrin àti obìnrin? Mi ò lè já wọn lóhùn, àgbà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ní Ìkòtún níbí, ilé àdúrà la fi ń júwe ọ̀nà. Títí Wòlíì T. B. Joshua, tí ìjọ rẹ̀ wà níbí, fi papò dà ní oṣù kẹfà ọdún 2021, àwọn èèyàn ń ti òkè òkun wá sí Ìkòtún-Ẹ̀gbẹ́ wá gbàdúrà. Èmi náà ti ka ìwé ẹ̀bẹ̀ níbi ìṣọ́ òru ìjọ tiwa. Ọkọ, ìyàwó, ọmọ, ọkọ tó lọ tí kò dé: ìtàn ìfẹ́ ni ìdajì rẹ̀. Àlàájà tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa ní tòun ò tilẹ̀ le rárá: Àlùkùránì pe ìtàn Yúsúfù ní èyí tó dára jù nínú ìtàn, obìnrin tó fa ẹ̀wù ya sì wà nínú rẹ̀.

Ìwé Rúùtù ni mo padà sí lálẹ́ ọjọ́ Sátidé gàrí yẹn. Mo ti kà á láìmọye ìgbà. Ní orí kejì, Bóásì, ẹni tó ni oko tí Rúùtù ti ń ṣa ọkà, kò yin ojú rẹ̀. Ó dúró títí obìnrin náà fi kúrò nítòsí, ó pe àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ó ní kí wọ́n máa mọ̀ọ́mọ̀ fa díẹ̀ yọ nínú ìtí ọkà kó bọ́ sílẹ̀ fún un, kí ẹnikẹ́ni má sì bá a wí. Rúùtù ń ṣa ọkà ní tirẹ̀, ó rò pé orí ló ń bá òun ṣe é. Nígbà tó lu ohun tó pèéṣẹ́ lálẹ́, ó tó òṣùwọ̀n efa kan. Náómì, ìyá ọkọ rẹ̀, wo ẹrù náà lẹ́ẹ̀kan, ó fẹ́ mọ oko ẹni tó ti wá. Náómì mọ ènì tó bá rí i.

Bí mo ṣe pa Bíbélì dé, ọkọ mi ń hanrun lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò ka ìwé mi rí. Ó ní òun máa ń sùn tí òun bá ka ojú ìwé kan, òótọ́ sì ni. Ní ọdún tó kọjá, tìrànsífọ́mà àdúgbò wa jó, a wà nínú òkùnkùn fún ọjọ́ mọ́kànlá, mo sì jẹ àwọn òǹkàwé ní ìpín kan. Bí ọkọ mi bá ti dé láti ibi iṣẹ́, kì í jókòó. Á mú fóònù mi, á lọ sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tó ń tan jẹnẹrétọ̀, á sì gbé e padà wá lẹ́yìn wákàtí méjì, ó ti kún. Èmi rò pé ńṣe ló ń fi í sílẹ̀ níbẹ̀ lọ ṣeré. Oṣù kan lẹ́yìn náà ni onígbàjámọ̀ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ fún mi: ọkọ mi kì í kúrò nídìí fóònù náà nítorí olè, ojú sì ń tì í láti máa jókòó lórí àga ẹni tó ń ṣòwò lásán, ló bá gẹrun lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ orí ọkọ mi mọ̀ pé irun ibẹ̀ ò tó gígẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù.

Mo bi í. Ó ní, "Ṣé fóònù ò kún ni?"

Mo ti kọ ọ̀rọ̀ gígùn kan fún ọkùnrin inú ìtàn mi láti sọ ní ìpín kẹrìnlá, ojú ìwé méjì àtààbọ̀, ó dùn bí oyin. Mo ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Mo gbé ọkùnrin náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ní Ìgándò, mo fi fóònù obìnrin náà lé e lọ́wọ́, mo sì ní kó jókòó. Alẹ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni ìpín náà yóò jáde. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá pàdé ọkọ mi lọ́nà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bi í bóyá òun ni.