Aago Méjì Ọ̀sán Lójúde Gbọ̀ngàn Cleveland

Aago méjì ọ̀sán ti lù. Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ keje oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni, ìlú Cleveland ní ìpínlẹ̀ Ohio la wà. Bó bá di aago mẹ́ta, àwọn ọmọbìnrin Yunifásítì South Carolina àti ti Iowa yóò kojú ara wọn nínú àṣekágbá ìdíje bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n obìnrin fún àwọn yunifásítì ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Èèyàn ti kún ojúde gbọ̀ngàn Rocket Mortgage FieldHouse bámúbámú. Ẹni tó bá fẹ́ sọdá láti ojú ọ̀nà Huron dé ẹnu ilẹ̀kùn, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà fún mi" ni yóò máa wí títí yóò fi débẹ̀.

Ọkọ̀ ojú irin ló gbé ọ̀pọ̀ wọn dé Tower City. Ọ̀nà kan tí wọ́n bò lórí wà níbẹ̀ tó já sínú gbọ̀ngàn náà tààrà. Ẹni tó bá ń sá fún atẹ́gùn adágún Erie lè gba ibẹ̀ dé ìjókòó rẹ̀ láìfojú kan ìta. Ṣùgbọ́n ìta ni ayẹyẹ wà lọ́jọ́ yìí, ìta sì ni èrò ń yà sí.

Àwọ̀ méjì ló pín ojúde náà. Yẹ́lò àti dúdú ni ti Iowa, pupa kíki àti dúdú ni ti South Carolina. Níbi tí mo dúró sí, nọ́ńbà 22 tí Caitlin Clark, agbábọ́ọ̀lù Iowa, ń wọ̀ ló pọ̀ jù lára jẹ́sì. Bàbá arúgbó kan wọ tiẹ̀ lé kóòtù òtútù rẹ̀ lórí. Ọmọkùnrin méjì tí wọn ò tíì lè pé ọdún mẹ́wàá wọ tiwọn dé orúnkún. Ọkùnrin tó ń fi orúkọ obìnrin agbábọ́ọ̀lù sẹ́yìn aṣọ rẹ̀ láìwo ojú ẹnikẹ́ni, ohun tó wọ́n lójú ni nígbà kan. Lónìí, kò sẹ́ni tó ń wò wọ́n lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀gbẹ́ kan ni àwọn tó ń wá tíkẹ́ẹ̀tì wà. Inú fóònù ni tíkẹ́ẹ̀tì wà báyìí, síbẹ̀ ìka ni wọ́n ṣì fi ń sọ̀rọ̀. Obìnrin kan na ìka méjì sókè, ó ń rìn lọ rìn bọ̀. Ọkùnrin kan sún mọ́ ọn, ó fi ojú fóònù rẹ̀ hàn án, obìnrin náà mi orí, ó tún na ìka rẹ̀ sókè. Ìjókòó tó ga jù, tó jìnnà jù sí pápá, ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún dọ́là ni.

Àwọn mìíràn tún ń ta nǹkan tí kò kan bọ́ọ̀lù rárá: gíláàsì pépà tí èèyàn ń fi wo oòrùn. Lọ́la, òṣùpá yóò bo oòrùn pátápátá lórí ìlú yìí, èyí tí ojú ò rí ní Cleveland láti ọdún 1806. Lọ́la kan náà ni ẹgbẹ́ béèsìbọ́ọ̀lù Guardians yóò gbá eré àkọ́kọ́ wọn nílé ní sáà tuntun, ní pápá Progressive Field tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mo dúró sí gan-an. Gbogbo ohun ńlá ló forí korí ní ìlú kan lẹ́ẹ̀kan náà. Síbẹ̀ orúkọ àwọn ọmọbìnrin wọ̀nyí ló wà lẹ́nu èrò ojúde.

Àwọn ìyá àgbà tó ti Iowa wá ni mo dúró wò pẹ́ jù. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé Clark ló kọ́ ìpínlẹ̀ yẹn ní ìfẹ́ bọ́ọ̀lù obìnrin. Ìfẹ́ náà ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ fíìfíì. Láti ọdún 1920 ni Iowa ti ń ṣe ìdíje ìpínlẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin ilé ẹ̀kọ́ girama. Irú bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún gbá níbẹ̀ ní òfin tirẹ̀. Ẹni mẹ́fà ló wà nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan: mẹ́ta ń jù sáwọ̀n ní ìdajì pápá kan, mẹ́ta ń ṣọ́lé ní ìdajì kejì, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ kọjá ìlà àárín. Ẹni tí bọ́ọ̀lù bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ta á mọ́lẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Ní ọdún 1968, Denise Long, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Union-Whitten, fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba àmì 111 nínú eré kan ṣoṣo. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, San Francisco Warriors, ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin, pe orúkọ rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń yan agbábọ́ọ̀lù tuntun. Ọdún 1993 ni wọ́n fòpin sí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́ni mẹ́fà náà.

Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wọ̀nyí dúró ti ògiri, ó ń fi ọwọ́ òfìfo ṣàlàyé òfin yìí fún ọ̀dọ́kùnrin kan: ó ta bọ́ọ̀lù tí kò sí lọ́wọ́ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tún ta á, ó sì jù ú síwájú fún ẹlòmíì. Orúnkún rẹ̀ tẹ̀ bó ṣe yẹ kó tẹ̀. Ọwọ́ ò gbàgbé. Nígbà tí mo gbọ́ pé ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, èèyàn 55,646 ló jókòó sí pápá Kinnick lábẹ́ ojú ọ̀run gbangba láti wo Iowa àti DePaul, ẹnu yà mí. Nígbà tí mo rí ìyá yìí, ó yé mi ibi tí wọ́n ti wá.

Lódìkejì, ariwo South Carolina ń gòkè. Ìdílé ló pọ̀ lára wọn: ìyá àgbà, ìyá, ọmọ, gbogbo wọn nínú aṣọ kan náà bí ẹni wọ aṣọ ẹbí. Dawn Staley, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, ló mú wọn débí. Nígbà tó dé ìlú Columbia, níbi tí yunifásítì náà wà, ní ọdún 2008, eré 10 péré ni ẹgbẹ́ náà mókè ní sáà rẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n fìdí rẹmi nínú 18. Ìjókòó ṣófo gan-an nígbà yẹn. Ó ń bá àwọn ará ìlú sọ̀rọ̀, ó ń dá wọn lóhùn, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ẹgbẹ́ náà sì ń dára sí i. Wọ́n gba ife ẹ̀yẹ ní ọdún 2017, wọ́n tún gbà á ní 2022. Láti nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, kò sí ẹgbẹ́ obìnrin yunifásítì kan tó ń kó èrò wá sílé tó tiwọn. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Wọ́n ní gbèsè kan tí wọ́n wá gbà lọ́jọ́ yìí. Ní ọdún 2023, ní Dallas, Iowa ló lé wọn lọ sílé nínú eré tó kángun sí àṣekágbá, 77 sí 73, Clark nìkan gba àmì 41. Nínú eré yẹn, Clark fi ọwọ́ júwe pé òun ò ní sún mọ́ Raven Johnson, agbábọ́ọ̀lù South Carolina, kó máa jù ú tó bá lè jù ú. Gbogbo ayé rí i. Jẹ́sì nọ́ńbà 25 ti Raven kò sì wọ́n lójúde yìí lónìí, àwọn tó wọ̀ ọ́ ń gbé àyà síwájú. Eré 37 ni ẹgbẹ́ wọn ti gbá ní sáà yìí, wọn ò tíì pàdánù ẹyọ kan.

Aago méjì ààbọ̀. Ìlà ti ń yára. Mo ń bá àbúrò mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù nígbà tí ìyá kan tó wà níwájú mi yíjú padà.

"Ọmọ mi, ṣé Yorùbá ni mo gbọ́ lẹ́nu ẹ yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ káàsán o, mà."

"Káàsán, ọmọ dáadáa. Ti ta lò ń ṣe?"

"South Carolina ni, mà."

"Káre. Tiwa náà nìyẹn."

Ọmọ-ọmọ wọn dúró tì wọ́n, nọ́ńbà 10 Kamilla Cardoso ló wọ̀, ọmọbìnrin Montes Claros ní Brazil tó fi ilé sílẹ̀ wá sí Amẹ́ríkà láti kàwé àti láti gbá bọ́ọ̀lù nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Cardoso ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti ínṣì méje. Ọmọ náà ga ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ díẹ̀, ó sì dúró ṣánṣán.

"Èmi náà gbá a rí," ni ìyá náà wí. "Ní Ifẹ̀ ni, nígbà tá a wà ní yunifásítì. A lọ fún NUGA, ìdíje àwọn yunifásítì. Ọmọ mi, àwọn tó ń wò wá ò tó àwọn tó ń retí ká kúrò lórí pápá kí àwọn lè gbá tiwọn. Tá a bá jù ú sáwọ̀n, àwa fúnra wa là ń pàtẹ́wọ́ fún ara wa."

"Ẹ sì ń gbá a lọ bẹ́ẹ̀, mà?"

"A à ní gbá a kẹ̀? A fẹ́ràn ẹ̀ ni." Wọ́n gbé ojú yí ká gbogbo èrò náà. "Wá wo ibi tó dé o."

Ibi tó dé yìí, òfin wà nídìí rẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1972 ni wọ́n fọwọ́ sí Title IX, tó ní ilé ẹ̀kọ́ tó bá ń gba owó ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò gbọdọ̀ fi ẹ̀tọ́ du obìnrin nínú ohunkóhun tó ń ṣe, eré ìdárayá pẹ̀lú. Síbẹ̀ ọdún mẹ́wàá kọjá kí NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá yunifásítì Amẹ́ríkà, tó gbé ìdíje àwọn obìnrin kalẹ̀. Nínú àṣekágbá rẹ̀ àkọ́kọ́, ní ọdún 1982, ní Norfolk, ìpínlẹ̀ Virginia, Louisiana Tech na Cheyney State, ilé ẹ̀kọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, 76 sí 62. Ìjà ò parí níbẹ̀. Ní ọdún 2021, Sedona Prince tó ń gbá fún Oregon fi fídíò hàn gbogbo ayé: yàrá ìdárayá ńlá tí wọ́n pèsè fún àwọn ọkùnrin, àti irin wúwo díẹ̀ tí wọ́n tò síbi kan fún àwọn obìnrin. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n jẹ́ kí ìdíje àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ March Madness, orúkọ tí àwọn ọkùnrin ti ń nìkan jẹ́. Orúkọ náà wà lára fìlà tí ọmọ-ọmọ ìyá yẹn dé. Kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni jà fún un, mo sì gbàdúrà kó máa rí ohun tó tọ́ sí i gbà bẹ́ẹ̀ láìjà.

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. A ti wọlé. Ìlù àti fèrè àwọn ẹgbẹ́ akọrin yunifásítì méjèèjì ń dún kọ lu ara wọn. Lórí pápá, Clark ń jù ú láti ibi tó jìnnà, àwọn ọmọdé sì tò sí etí ìjókòó pẹ̀lú fóònù lókè. Cardoso ń rìn jẹ́jẹ́ lábẹ́ àwọ̀n. Staley dúró, ó ká apá mọ́ra. Nígbà tí wọ́n ju bọ́ọ̀lù sókè ní aago mẹ́ta, èrò tó lé ní ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún dìde lẹ́ẹ̀kan náà, mo nímọ̀lára rẹ̀ ní àtẹ́lẹsẹ̀ mi.

Iowa ló kọ́kọ́ gba àmì mẹ́wàá kí South Carolina tó rí ọ̀kan. Clark gba 18 ní ìdá mẹ́rin àkọ́kọ́ nìkan, ó parí sí 30. Ṣùgbọ́n Raven Johnson kò fi í lọ́rùn sílẹ̀ mọ́. Tessa Johnson jáde láti ìjókòó àwọn arọ́pò, ó gba 19. Cardoso gba 15, ó sì kó bọ́ọ̀lù 17 tó tàsé àwọ̀n. South Carolina borí, 87 sí 75, wọ́n parí sáà náà pẹ̀lú eré 38 láìpàdánù ọ̀kan. Àwọn tó wò ó lórí tẹlifíṣàn ní Amẹ́ríkà fẹ́rẹ̀ẹ́ pé mílíọ̀nù 19, wọ́n pọ̀ ju àwọn tó wo àṣekágbá àwọn ọkùnrin lọ́jọ́ kejì. Ìgbà àkọ́kọ́ tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Ohun tí mo rí láàárín wákàtí kan lójúde yẹn ló ṣe pàtàkì jù lọ́kàn mi. Èrò bẹ́ẹ̀ kì í já bọ́ láti ọ̀run. Àwọn tó ń lọ wò ó nígbà tí kò sí ariwo ló bí i, láti ọ̀dọ̀ àwọn òbí ọmọ girama Iowa dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Columbia tó jókòó ti ẹgbẹ́ tó ń pàdánù.

Àwa náà ní ẹni tó yẹ ká jókòó tì. D'Tigress, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Nàìjíríà, gba AfroBasket, ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà, ní 2017, 2019, 2021, 2023 àti 2025 léraléra. Ní Paris, ní 2024, wọ́n na Australia àti Canada, wọ́n sì di ẹgbẹ́ Áfíríkà àkọ́kọ́, lọ́kùnrin lóbìnrin, tó dé ìpele ẹgbẹ́ mẹ́jọ tó kẹ́yìn nínú bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n Olympic. Ọ̀pọ̀ wọn, Elizabeth Balogun, Ezinne Kalu àti Amy Okonkwo lára wọn, gbá bọ́ọ̀lù ní yunifásítì Amẹ́ríkà. Àwọn tó ń gbá a nílé lónìí, ní NUGA àti nínú líìgì àwọn obìnrin, ìjókòó tó ṣófo ni wọ́n sábà máa ń wò.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí eré wọn bá tún dé ìtòsí yín, ẹ lọ. Ẹ mú ọmọbìnrin yín dání, ẹ mú ọmọkùnrin yín pẹ̀lú. Ẹ mọ orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù náà, ẹ sì pè é sókè kí wọ́n gbọ́.