Ẹrẹ̀ Tó Di Ọ̀nà ní Hangzhou

Oníṣòwò ará Èkó kan lọ ra ọjà ní Yiwu, ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà. Nígbà tó ku ọjọ́ kan kí ó padà sílé, ọmọ Yorùbá kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Hangzhou rọ̀ ọ́ pé kí ó wá wo Adágún Ìwọ̀-Oòrùn, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Xi Hu. Ó kọ́kọ́ kọ̀. Omi kì í ṣe àpéwò lójú ẹni tí ọ̀sà yí ìlú rẹ̀ ká. Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, ó wọ ọkọ̀ ojú irin, ó lọ.

Òwúrọ̀ ni wọ́n dé etí omi. Òkè yí adágún náà ká ní ọ̀nà mẹ́ta, ìlú wà ní ọ̀nà kẹrin. Wọ́n gba ọ̀nà tóóró kan tó la omi já, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó kìlómítà mẹ́ta, tí afárá mẹ́fà wà lórí rẹ̀. Níbẹ̀ ni ọmọ náà ti dúró.

“Ẹ̀gbọ́n, ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tí ẹ ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ yìí? Ẹrẹ̀ ni o.”

Ó wá ṣàlàyé. Ní 1089, wọ́n fi Su Dongpo, akéwì ńlá, ṣe alákòóso Hangzhou. Koríko ti bo bí ìdajì adágún náà nígbà náà. Yorùbá a máa fi ojú oró tó lékè omi ṣe àdúrà. Àdúrà rere ni fún èèyàn, ṣùgbọ́n àrùn ni fún adágún. Ní 1090, Su Dongpo ní kí wọ́n kó koríko àti ẹrẹ̀ náà kúrò, ó sì fi wọ́n mọ ọ̀nà tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí dòní. Ó ri òpó òkúta sínú omi, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbin nǹkan kọjá ibẹ̀. Mẹ́ta irú rẹ̀, tí wọ́n tún kọ́ lẹ́yìn náà, ló wà lẹ́yìn owó bébà yuan kan. Ní 2011, àjọ UNESCO ka adágún náà àti àyíká rẹ̀ mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo àgbáyé.

Oníṣòwò náà dákẹ́. Òjò ọdún tó kọjá wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ba ọjà jẹ́. Kì í ṣe pé wọn kò kó ẹrẹ̀ gọ́tà àdúgbò náà. Wọ́n kó o, wọ́n sì kó o jọ sí etí gọ́tà. Òjò àkọ́kọ́ gbá a padà.

“Àbúrò, ta ló wá ń tún un ṣe báyìí?”

Ọmọ náà nawọ́ sí ọkọ̀ ojú omi kékeré kan. Ọkùnrin kan wà nínú rẹ̀, ó ń fi àwọ̀n kó ewé tó léfòó lójú omi.

“Ojoojúmọ́ ni, ẹ̀gbọ́n.”

Nígbà tó dé Èkó, ó pe àwọn oníṣọ́ọ̀bù ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ. Ó ní kí wọ́n má ṣe dá owó àwọn tí yóò kó ẹrẹ̀ nìkan, kí wọ́n dá owó ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ mọ́ ọn. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn mẹ́rin dá owó.