Ọjọ́ Kan ní Ìlú Àtijọ́ Àwọn Máyà

Ọ̀pọ̀ nínú yín ti dá mi dúró lẹ́yìn Mísà, ẹ ń bi mí pé kí ni mo rí ní ilẹ̀ Mẹ́síkò tí mo lọ. Ní ti Ìyá Wa ti Guadalupe, mo ti sọ ìyẹn fún yín títí ó fi rẹ ẹnu mi. Ohun tí n kò tí ì sọ ni ti ọjọ́ kan ṣoṣo, lẹ́yìn tí a parí ìrìnàjò mímọ́ wa, tí àwa méjìlá wọ bọ́ọ̀sì kékeré ní ìlú Mérida, tí amọ̀nà kan sì mú wa lọ wo ìlú àtijọ́ àwọn Máyà tí wọ́n ń pè ní Chichén Itzá.

Mérida ni olú-ìlú ìpínlẹ̀ Yucatán. Ọkọ̀ òfuurufú ló gbé wa débẹ̀, nítorí ó jìnnà púpọ̀ sí Guadalupe. Aago méje òwúrọ̀ ni a gbéra. Ọ̀nà náà tó nǹkan bí 120 kílómítà, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí òkè, kò sí odò kan tí a là kọjá. Amọ̀nà wa jẹ́ bàbá kan tí ó ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún, ọmọ Máyà, tí ó gbọ́ Faransé dáadáa. Òun ló là á yé wa pé òkúta ẹfun ni ilẹ̀ ibẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, omi a máa rì wọlé, a sì máa ṣàn lábẹ́ ilẹ̀. Níbi tí òkúta náà bá ti jìn, ihò ńlá a yọ, omi a sì wà nínú rẹ̀. Irú ihò omi bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní cenote, ẹ̀bá rẹ̀ ni wọ́n sì máa ń tẹ ìlú dó sí. Orúkọ Chichén Itzá gan-an, “ẹnu kànga àwọn Itzá” ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti wá omi kiri ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lọ́nà Sábẹ̀ẹ́ kò ní bèèrè ìdí tí wọ́n fi fi kànga sọ ìlú lórúkọ.

Nígbà tí a gba abẹ́ igi jáde sí gbangba, gbogbo wa dákẹ́. Ilé òkúta kan dúró níwájú wa bí òkè, ó ga tó 30 mítà pẹ̀lú ilé òrìṣà tí ó wà lórí rẹ̀. Àwọn Máyà kọ́ ọ fún Kukulkan, ejò oníyẹ̀ẹ́ tí wọ́n ń bọ nígbà náà. Bàbá amọ̀nà ní kí a pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan níwájú àtẹ̀gùn. A pàtẹ́wọ́, ilé náà sì dá wa lóhùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìró àtẹ́wọ́ ló padà wá, bí igbe ẹyẹ ló dún. Ìyá kan nínú wa ké “Jésù o!” Láti ọdún 2006 ni wọn kò ti jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gùn ún mọ́. Mo ti pinnu láti ilé pé n ó gùn ún, inú mi sì kọ́kọ́ bàjẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo bí àtẹ̀gùn náà ṣe dúró ṣánṣán, ẹsẹ̀ mi dúpẹ́.

Ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni àtẹ̀gùn wà, 91 ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Ẹ kó wọn pọ̀, kí ẹ fi ìpele òkè pátápátá kún un, yóò jẹ́ 365, iye ọjọ́ inú ọdún. Ní oṣù kẹta àti oṣù kẹsàn-án, nígbà tí ọ̀sán àti òru bá dọ́gba, bí oòrùn bá ń lọ sí ìwọ̀, òjìji igun ilé náà a máa ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn ìhà àríwá bí ejò tí ń wọ́ sọ̀kalẹ̀, orí ejò olókùúta sì wà nísàlẹ̀ tí ó ń dúró dè é. Àwọn tí wọ́n kọ́ ọ kò ní irin, wọn kò sì ní ẹṣin tàbí màlúù tí yóò bá wọn fa òkúta.

Báwo ni wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀? Bàbá náà bẹ̀rẹ̀, ó fi igi kọ ọ́ sílẹ̀: ẹ̀kán kékeré kan dúró fún ọ̀kan, ìlà kan fún márùn-ún, àwòrán ìkarahun fún òfo. Ó ní ogún-ogún ni àwọn baba ńlá àwọn fi ń ka nǹkan. Jun k'áal ni ogún kan, ka' k'áal ni ogún méjì, óox k'áal ni ogún mẹ́ta (ẹ pe x yẹn bí ṣ tiwa). Bí ogún bá sì pé lọ́nà ogún, ó ní orúkọ tirẹ̀, bak. Ẹ̀yin ará mi, díẹ̀ ló kù kí n fò sókè. Mo sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni tiwa: ogún, ogójì, tí í ṣe ogún méjì, ọgọ́ta, tí í ṣe ogún mẹ́ta, ọgọ́rin, tí í ṣe ogún mẹ́rin, bí ogún bá pé lọ́nà ogún, irinwó ni. Àwọn baba wa àti àwọn baba tirẹ̀ kò mọ ara wọn, òkun wà láàrin wọn; ìka ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀ tí Ọlọ́run fún wọn ni wọ́n jọ kà. Àwọn Faransé náà tí wọ́n ń pe ọgọ́rin ní quatre-vingts, ó dà bí ẹni pé àwọn náà ti fẹsẹ̀ kan rìn lọ́nà yìí rí.

Bàbá náà bi mí pé, “Ṣé àwọn ọmọ yín ṣì ń kà á bẹ́ẹ̀?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ni mo rántí ilé èmi fúnra mi, mo sì dákẹ́. Kò pẹ́ tí mo fi fẹ́ ra aṣọ ìnujú lọ́wọ́ ọmọbìnrin kan tí ó pàtẹ lábẹ́ igi. Èdè Máyà ló ń bá ìyá rẹ̀ sọ. Ó ń kà á fún mi: jump'éel, ka'ap'éel, óoxp'éel, kamp'éel. Nígbà tí ó dé márùn-ún, ó bọ́ sí èdè Sípéènì: cinco, seis, siete. Mo wo bàbá amọ̀nà. Ó ní bí gbogbo àwọn ṣe ń kà á nísinsìnyí nìyẹn, mẹ́rin péré ló kù lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Mo bèèrè pé àwọn ìwé wọn dà, nítorí ẹni tí ó bá mọ ìṣirò tó báyìí kò ní ṣàìkọ ìwé. Ó ní, “Ìwé wà. Mẹ́rin ló kù ní gbogbo ayé. Ọ̀kan wà ní Paris, ọ̀kan ní Jámánì, ọ̀kan ní Sípéènì, ọ̀kan níhìn-ín ní Mẹ́síkò. Kí ni iṣẹ́ yín, Mùsíọ̀?” Mo ní mo ń kọ́ni ní katikísímù. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Ó dára. Bí a bá dé Izamal lọ́sàn-án, a ó sọ ọ̀rọ̀ ìwé.”

Ó mú wa la pápá ńlá tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù nígbà àtijọ́ kọjá, ó sì mú wa dé cenote tí wọ́n kà sí mímọ́. Ó fẹ̀ tó 60 mítà, omi rẹ̀ jinlẹ̀ sísàlẹ̀, ó ṣú bí ewé. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń rúbọ sí Chaak, òrìṣà òjò. Láti ọdún 1904 ni ará Amẹ́ríkà kan, Edward Thompson, ti fi ẹ̀rọ wa ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí ó rí wúrà, tùràrí, òkúta iyebíye, àti egungun ènìyàn. Ó kó púpọ̀ nínú rẹ̀ ránṣẹ́ sí Yunifásítì Harvard. Díẹ̀ ti padà sílé. (Àwa tí a gba ohun 26 ti Àgbómè padà lọ́wọ́ Faransé ní 2021 mọ bí ìyẹn ti ń rí lára.) Nítòsí ibẹ̀ ni wọ́n tún ti rí ihò kan ní 1967 tí egungun ọmọdé kún inú rẹ̀. Ní ọdún 2024 ni àwọn onímọ̀ tẹ ìwádìí wọn jáde lórí 64 nínú àwọn ọmọ náà: ọkùnrin ni gbogbo wọn, ìbejì olójú kan náà sì wà nínú wọn lọ́nà méjì. Èmi tí mo ti ilẹ̀ ìbejì wá, n kò lè sọ̀rọ̀. Bàbá náà kò bo ọ̀ràn yìí mọ́lẹ̀, kò sì fi ṣe fáàárí. Ohun tí ó fi kún un ni pé àwọn onímọ̀ kan náà yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ará abúlé kan ní àgbègbè ibẹ̀ wò, wọ́n sì rí i pé ìran kan náà ni àwọn àti àwọn ọmọ wọ̀nyẹn. “Àwọn àlejò máa ń bi mí pé níbo ni àwọn Máyà lọ,” ni ó wí. “Mo máa ń sọ fún wọn pé èmi ni mo ń wa yín kiri láti àárọ̀.”

A jẹun ní abúlé kan lójú ọ̀nà. Wọ́n gbé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wé tí wọ́n sì sè nínú kòtò gbígbóná wá fún wa. Ṣùgbọ́n àgbàdo ni mo fẹ́ sọ. Ní ilẹ̀ Mẹ́síkò ni ènìyàn ti kọ́kọ́ sọ àgbàdo di ohun ọ̀gbìn, nǹkan bí 9,000 ọdún sẹ́yìn, ọ̀dọ̀ wọn ló sì ti gba orí òkun dé ọ̀dọ̀ wa. Ata náà, bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá kan bu ohun gbígbóná kan fún mi nínú ife. Mo tọ́ ọ wò, ògì ni! Mo tú ewé kan, ẹ̀kọ ni mo rí, àfi pé ẹran wà nínú tiwọn. Mo rántí ìyá mi ní Kétu, tí ó gbà pé láti ìgbà tí Ọlọ́run ti dá ayé ni Kétu ti ń jẹ ẹ̀kọ.

Ọ̀sán ti pọ́n kí a tó dé Izamal. Àwọ̀ ìyeyè ni wọ́n fi kun gbogbo ilé ìlú náà. Ní àárín rẹ̀ ni ilé àwọn Fransiskánì wà, lórí pèpéle gíga kan. Bàbá náà fọwọ́ kan ògiri. Ó ní orí ilé òrìṣà àwọn Máyà ni wọ́n kọ́ ọ sí, òkúta rẹ̀ sì ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ibẹ̀ ló ti sọ ọ̀rọ̀ ìwé.

Diego de Landa ni olórí àwọn Fransiskánì tí ó ti gbé ilé yìí. Ó gbọ́ pé àwọn kan tí wọ́n ti ṣe ìrìbọmi ṣì ń bọ òrìṣà níkọ̀kọ̀. Ó mú wọn, wọ́n so wọ́n rọ̀, wọ́n nà wọ́n. Ní ọjọ́ 12 oṣù keje ọdún 1562, ní ìlú Maní, ó kó ère àti ìwé àwọn Máyà jọ, ó sì sun wọ́n. Bíṣọ́ọ̀bù Toral, tí òun náà jẹ́ Fransiskánì, dé ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, òun ló dá a dúró, tí ó sì tú àwọn ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀. Wọ́n pe Landa lọ sí Sípéènì láti wá sọ tẹnu rẹ̀. Ibẹ̀ ni ó ti kọ ìwé kan nípa ìṣe àwọn Máyà, ó sì ya díẹ̀ nínú àmì ìkọ̀wé wọn sínú rẹ̀. Wọ́n dá a láre, ó sì padà wá jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Yucatán. Ìwé náà sọnù sínú àwọn ìwé mìíràn ní Madrid, títí alùfáà Faransé kan, Brasseur de Bourbourg, fi rí i, tí ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1864. Láti inú àwọn àmì yẹn ni Yuri Knorozov, ọ̀mọ̀wé ará Sófíẹ̀tì, ti rí ọ̀nà láti ka ìkọ̀wé Máyà ní 1952. Ọwọ́ tí ó sun ìwé náà ni ọwọ́ tí ó kọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Òun kan náà ló sì gbé ère Ìyá Wa wá sí Izamal láti Guatemala.

Mo ti lo ọdún púpọ̀ nínú iṣẹ́ katikísímù, n kò sì mọ èsì tí mo lè fọ̀. Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí wa.” Ó ní, “Ta ni ‘wa’? Kátólíkì ni èmi náà.” Ó nawọ́ sí ère Póòpù Jòhánù Pọ́ọ̀lù Kejì tí ó wà nínú àgbàlá. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1993 ni póòpù wá síbẹ̀ láti bá àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀. Ní oṣù kejì ọdún yẹn kan náà ni ó wá bá wa ní Benin, tí ó sì bá àwọn olórí ẹlẹ́sìn vodun jókòó ní Kutonu. Bàbá náà kò mọ èyí. Mo sọ fún un, inú rẹ̀ sì dùn. Lẹ́yìn náà ó wọ inú ìjọ, ó kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Wa, ó ń gbàdúrà ní èdè Máyà, wẹ́lẹ́-wẹ́lẹ́. Mo kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí bọ́ọ̀sì wa ń padà sí Mérida. Àwọn yòókù ti sùn. Bàbá náà ní kí n ka iye tiwa fún òun kí òun gbọ́. Mo kà á láti oókan, mo dé ogún, mo dé ogójì, mo dé ọgọ́ta. Nígbà tí ó ku márùn-ún kí n dé àádọ́rin, mo kọsẹ̀, soixante-cinq sì bọ́ sí mi lẹ́nu. Ó rí i, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ tún un kà láti ọgọ́ta.”