Ẹ̀ṣọ́ Kékeré Tí Mo Pa

Ìjẹ́wọ́ ni ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí. Ó dá lórí wáyà kan tí kò gùn tó ìka ọwọ́, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba bàbá mi àti àbúrò mi mọ́ mi lọ́wọ́.

Lọ́kọ́jà, níbi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núè ti pàdé, ni mo dàgbà sí. Bàbá mi ń fi lọ́rì kó yanrìn etí odò fún àwọn tí ń kọ́lé. Ọkọ̀ ṣọ́jà ni lọ́rì náà tẹ́lẹ̀, Bedford irú èyí tí wọ́n ń pè ní RL, tí bàbá mi rà ní gbànjo. Ọdún 1953 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó jù mí lọ dáadáa lọ́jọ́ orí.

Ní ọdún 2012, nígbà tí àkúnya omi ńlá bo púpọ̀ nínú Lọ́kọ́jà, omi wọ lọ́rì náà dé ìjókòó awakọ̀. Nígbà tí omi fà, ẹ́ńjìnnì jí, ṣùgbọ́n bí a bá ti tan iná iwájú, fíùsì a jó. Bí a bá fi òmíràn sí i, òun náà a jó. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè jáde nínú ìmọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù ni, n kò tíì rí iṣẹ́. Bàbá ní, “Ìwọ tí o kàwé, bá mi wo iná yìí.” Kàkà kí n sọ pé n kò mọ̀ ọ́n, mo wé wáyà bàbà kan sí ipò fíùsì. Iná tàn yòò. Bàbá súre fún mi, n kò sì sọ ohun tí mo ṣe fún un.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì. Bàbá àti àbúrò mi gbé yanrìn, wọ́n kọrí sí ọ̀nà Afárá Murtala Muhammed ní Jamata nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Òórùn rọ́bà tí ń jó gba inú ọkọ̀, èéfín ń jáde lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Bàbá dúró, ó já wáyà orí bátìrì. Àbúrò mi gun ẹ̀yìn ọkọ̀, ó ń bu yanrìn dà sí iná náà títí ó fi kú. Ẹrù tí wọ́n rù ni Ọlọ́run fi yọ wọ́n.

Àgbà réwáyà kan ni a pè wá wò ó. Nígbà tí ó rí wáyà bàbà náà, ó ní ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ òun ni yóò ṣe irú rẹ̀, nítorí ó ti fọwọ́ kan ọkọ̀ náà rí. Ó lé ọmọ náà lọ sílé. Mo dúró níbẹ̀, mo dákẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, mo wọlé tọ Bàbá, mo jẹ́wọ́. Ó pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, “Èmi kọ́ ni o ṣẹ̀ jù. Lọ bá ọmọ ọlọ́mọ.” Mo lọ bẹ ọmọ náà lójú ọ̀gá rẹ̀, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Bàbá wá pàṣẹ pé kí n jókòó tì wọ́n títí iṣẹ́ yóò fi parí.

Àgbà náà kò ṣàdédé fa wáyà tu. Ó fi téèpù kọ nọ́ńbà sára ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ó tó tú u. Lábẹ́ ṣáàsí, a rí wáyà kan tí rọ́bà ara rẹ̀ ti gbó, tí ó ń fọ́ bí èèpo ẹ̀pà, tí inú rẹ̀ sì ń kan irin. Ó ní, “Ọmọ mi, òtítọ́ ni fíùsì ń sọ fún yín. Ẹ̀ṣọ́ ni. A ṣe é kí ó kọ́kọ́ kú, kí wáyà yòókù má baà jóná.” Èyí tí mo fi rọ́pò rẹ̀ kọ̀ láti kú, ni gbogbo wáyà fi gbóná.

Ibi tí wáyà ilẹ̀ ti so mọ́ irin ọkọ̀ náà ti dípẹtà láti ìgbà omi. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ náà ha á títí irin fi dán, ó dè é le, ó fi gíríìsì bò ó. Iná tí ń ṣe bàìbàì mọ́lẹ̀. Síbẹ̀, iná bíréèkì kò tàn. Mo ní kí a ra tuntun. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó yí súwíìṣì kan tí mo ti yí kiri láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀, iná sì tàn. Ọkọ̀ ogun ni: súwíìṣì náà lè pa àwọn iná ẹ̀yìn kí ọ̀tá má baà rí wọn, kí ó wá ku gílóòbù kékeré kan lábẹ́ ọkọ̀, tí ń tàn sára irin àárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tí wọ́n kùn ní funfun, kí ọkọ̀ tí ń tẹ̀ lé e lè máa rí i. Ọmọ tí mo jẹ́ kí wọ́n lé ni ó kọ́ mi.

Bàbá ti dolóògbé, a sì ti ta lọ́rì náà. Olùkọ́ ni mí báyìí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n, inú mi a dùn sí i. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ lọ wo ibi fíùsì ilé yín àti ti ọkọ̀ yín. Bí ẹ bá bá wáyà lásán níbẹ̀, ẹ yọ ọ́. Ẹ wá ohun tí ń jó fíùsì, ẹ má pa ẹ̀ṣọ́. Ọkàn tí kò jẹ́ kí n jẹun lọ́jọ́ mẹ́ta yẹn, ẹ̀ṣọ́ ni òun náà. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí tiwa kú mọ́ wa nínú. Àmín.