Ewì Nínú Àhámọ́

Ìrètí tí kò ní iṣẹ́ lọ́wọ́ kì í pẹ́ kú. Bí ewì ṣe lè fún un níṣẹ́ hàn kedere nínú ohun tí akéwì Wọlé Ṣóyínká là kọjá láàrin ọdún 1967 sí 1969, nígbà tí ìjọba ológun Nàìjíríà tì í mọ́lé láìgbé e lọ sí ilé ẹjọ́. Ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà. Ó ti kọ̀wé síta pé kí ìhà méjèèjì sinmi ìjà, ó sì ti lọ bá Ojukwu, olórí Biafra, sọ̀rọ̀ ní Ìlà-Oòrùn Nàìjíríà. Ìjọba ní ó ń bá àwọn ọ̀tá lẹ̀dí àpò pọ̀. Ó lé ní ogún oṣù tó fi wà ní àhámọ́, ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Kàdúná pàápàá, òun nìkan ṣoṣo ló sì ń gbé inú yàrá fún èyí tó pọ̀ jù nínú àkókò náà.

Ìyà àdáwà yàtọ̀ sí ìyà ebi tàbí ti pàṣán. Yorùbá ní ìkíni fún òwúrọ̀, fún ìyálẹ̀ta, fún iṣẹ́, fún ìjókòó àti fún ìdúró; ẹni tí a bá tọ́ dàgbà báyìí, tí kò wá rí ẹni tí yóò kí i láti òwúrọ̀ dalẹ́, inú ewu ńlá ni ọkàn rẹ̀ wà. Wọn kò fún Ṣóyínká ní gègé tàbí tákàdá. Ó po tàdáwà fúnra rẹ̀, ó sì ń kọ̀wé sí àárín ìlà ìwé méjì tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́: ìwé Paul Radin lórí ẹ̀sìn, àti Idanre, ìwé ewì tí òun fúnra rẹ̀ ti kọ, tí ewì Ògún wà nínú rẹ̀.

Ohun tó kọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtùnú. Ewì kan dá lórí ọjọ́ tí wọ́n yẹgi fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n kan nínú ọgbà kan náà. Àmọ́ àwọn tó kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ jù ni mẹ́rin kan tó fi sọ̀rọ̀ nípa Jósẹ́fù inú Bíbélì, Hamlet, Gulliver àti Ulysses. Jósẹ́fù ṣẹ̀wọ̀n láìṣẹ̀, Ulysses sọnù sí ọ̀nà jíjìn fún ọdún gbọọrọ. Inú ìtàn wọn ni akéwì ti wá ẹni tí wọ́n á jọ gbé ẹrù náà.

Ọ̀nà yìí kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ Yorùbá. Bí ẹni tó wà nínú ìṣòro bá tọ babaláwo lọ, babaláwo kì í kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀ nípa ìṣòro tirẹ̀. Ẹsẹ Ifá ni yóò kì: àwọn awo tó dífá, ẹni tí wọ́n dá a fún, ohun tí wọ́n ní kó ṣe, àti ibi tí ọ̀rọ̀ já sí. Oníbéèrè ni yóò rí ara rẹ̀ nínú ẹni àtijọ́ yẹn. Ìṣòro náà lè má tíì kúrò, ṣùgbọ́n ó ti ní orúkọ, ó ti ní ìtàn, ẹlòmíràn sì ti gbà á kọjá rí. Bí ayé ènìyàn ṣe ń ní ìtumọ̀ nìyẹn, kódà fún ẹni tí kò gba Ifá gbọ́.

Síbẹ̀, kò yẹ kí a bu ọlá tó ju bó ti yẹ lọ fún ewì. Christopher Okigbo, akéwì ńlá, kú lójú ogun kan náà ní ọdún 1967; ewì kò gbà á là. Ewì kọ́ ló ṣí ilẹ̀kùn Kàdúná. Ìjọba ló dá Ṣóyínká sílẹ̀ nígbà tó wù ú. Ohun tí ewì ṣe ni pé ọkàn ẹni tó jáde kò tíì kú. Díẹ̀ nínú àwọn ewì náà ti jáde síta ní ọdún 1969, kí A Shuttle in the Crypt tó kó wọn pọ̀ mọ́ àwọn mìíràn ní ọdún 1972.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ gbogbo wọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sì wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà lónìí tí wọ́n ń dúró de ìdájọ́ láti ọdún pípẹ́. Ó yẹ kí àwọn akéwì tó gbọ́ èdè méjèèjì dáadáa túmọ̀ àwọn ewì yìí sí Yorùbá, kí ẹni tó jẹ́ Yorùbá nínú irú àwọn ẹlẹ́wọ̀n bẹ́ẹ̀ lè kà wọ́n ní èdè tó fi ń gbàdúrà.