Àgùnbọ̀

Kò sí iṣẹ́ tí Yorùbá kò ní kíkí fún. Bí o bá aláró nídìí ìkòkò, wàá ní, "Àrẹ̀dú o!" Onídìrí ń ṣiṣẹ́, "Ojú gbooro o!" Ọdẹ ń kọjá lọ, "Àrìnpa o!" Àgbẹ̀ wà lóko, "Àroko bọ́dún dé o!" Ẹni tó wọ ọkọ̀ ojú omi pàápàá ní kíkí tirẹ̀: "Ọkọ̀ á rèfó o!" Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo dá gun alùpùpù láti Ajíbọ́dẹ lọ sí Ìjàyè, ní oṣù kẹwàá ọdún 1975, gbogbo ẹni tí mo pàdé ló ní láti ronú kó tó kí mi.

Ajíbọ́dẹ ìgbà náà kì í ṣe ti òní. Oko ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ló yí wa ká, ọ̀nà tóóró la sì ń gbà jáde sí Ṣáṣá. Odò Ọ̀nà ló wà láàrin wa àti ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1948. Inú ọgbà náà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nídìí òdòdó àti koríko. Kẹ̀kẹ́ ni mo ń gùn kí owó Udoji tó dé. Ìgbìmọ̀ tí Olóyè Jerome Udoji ṣe alága rẹ̀ ló dábàá àfikún owó oṣù ní 1974. Nígbà tí ìjọba máa san án, àjẹsílẹ̀ oṣù mélòó kan ni wọ́n kó lé wa lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹlòmíì ra rédíò, ẹlòmíì fẹ́yàwó. Èmi ra Honda. Maṣíìnì la ń pè é. Orúkọ ọ̀kadà kò tí ì sí. Lára Okada Air, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983, ni wọ́n ti yá a.

Ìyá tó bí bàbá mi ló fa ìrìn àjò náà. Ọmọ Ìjàyè ni bàbá tirẹ̀. Nígbà tí Aláàfin Àtìbà wàjà, tí ọmọ rẹ̀ Adélù gorí ìtẹ́ dípò kó bá a kú gẹ́gẹ́ bí àṣà, Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tó wà ní Ìjàyè, ní òun kò ní gbà á lọ́ba. Ìbàdàn gbè sẹ́yìn Adélù. Ogun bẹ́, Ìjàyè sì fọ́ ní 1862. Ọmọ ọwọ́ ni bàbá ìyá wa lẹ́yìn ìyá rẹ̀ nígbà tí wọ́n kó wọn wọ Ìbàdàn. Kò padà síbẹ̀ mọ́. Ìyá wa náà kò débẹ̀ rí, ṣùgbọ́n kì í jẹ oúnjẹ alẹ́ tán kó má dárúkọ Ìjàyè. Ọdún tó ṣáájú èyí tí mo ra maṣíìnì ló kú.

Mo gbéra ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ Sátidé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ta maṣíìnì kó tó dáhùn. Mo gba Ṣáṣá jáde sí Òjóo, mo bọ́ sójú ọ̀dà, mo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà IITA, ilé iṣẹ́ ìwádìí ẹ̀gẹ́ àti iṣu tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, mo sì yà ní Mọ́níyà sọ́nà eruku. Ibẹ̀ ni mo ti pàdé bàbá kan lórí kẹ̀kẹ́. Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972 ni Nàìjíríà ti kúrò lọ́wọ́ òsì bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún, àmọ́ ọwọ́ òsì ni bàbá yìí ṣì ń tọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Èmi ni mo yà fún un. Ó wo mí, ó wo maṣíìnì, ó ní, "Ọmọ mi, ọkọ̀ á rèfó o!" Lórí ilẹ̀ gbígbẹ!

Láti ibẹ̀ ni mo ti fi etí sílẹ̀. Obìnrin kan tó ru gaàrí kí mi pé, "Ajé á wá o." Ọdẹ kan tó ń ti oko alẹ́ bọ̀ ní, "Ògún á gbè ọ́." Kálukú ń fi kíkí iṣẹ́ tirẹ̀ wọ̀ mí, bí ìgbà tí wọ́n ń yá mi láṣọ.

Bí ó bá ti ku díẹ̀ kí n dé odò, afẹ́fẹ́ á tutù lójijì ní ojú mi. Bí mo bá gun òkè, oòrùn á gbà mí. Imú ni mo fi ń mọ̀ pé abúlé kù sí dẹ̀dẹ̀: èéfín iṣu sísun, òórùn ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ, epo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́. Òjò ti rọ̀ lálẹ́ àná, ní àfonífojì kan ẹrẹ̀ pupa gbé táyà mì dé ìdajì. Mo ṣubú, orúnkún mi bó. Àwọn obìnrin mẹ́rin tó ń pọnmi gbé igbá kalẹ̀, wọ́n bá mi tì í jáde, wọ́n sì fi omi tí wọ́n pọn fọ ẹsẹ̀ mi.

Ní Ìjàyè, mo bá bàbá arúgbó kan lábẹ́ igi. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó bi mí ní ọmọ ẹni tí mo jẹ́. Mo ní Ìbàdàn ni mo ti wá, pé ọmọ Ìjàyè ni bàbá ìyá tó bí bàbá mi, wọ́n kó o lọ nígbà ogun. Bàbá dákẹ́ títí tí ẹ̀rù fi bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n gbé iṣu sísun àti epo wá, òun fúnra rẹ̀ ló fọ́ ọ fún mi.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó sìn mí dé ìdí maṣíìnì. Ó ní, "Àwọn tí ogun kó kò rí ọ̀nà padà. Ìwọ gùn ún wá. Àgùnbọ̀ o!"

Mi ò mọ ohun tí mo máa fi dáhùn. Ó ní, "Wí pé, a ó bálé o."

Mo wí i. Oòrùn ti wọ̀ kí n tó dé Ajíbọ́dẹ.

Ọ̀nà Ìjàyè ti di ọ̀dà báyìí, ó lọ títí dé Ìsẹ́yìn. Mọ́níyà ti ní ibùdókọ̀ rélùwéè tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹfà 2021. Ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti bo oko bàbá mi, àwọn ọlọ́kadà sì ń kó wọn lọ kó wọn bọ̀ níwájú ilé mi láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n, eré wọn pọ̀, mo sì ti rí èyí tí wọ́n gbé lọ tí kò bọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń gbé àga síta láràárọ̀. Bí wọ́n bá ti ń kọjá, mo ń pè é sókè: "Àgùnbọ̀ o!"

Ọ̀pọ̀ kì í gbọ́. Ọ̀kan dúró lọ́jọ́ kan, ó ní, "Bàbá, kí lẹ wí?" Mo sọ ìtàn yìí fún un. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti dé ọ̀dọ̀ mi, ó máa ń dẹ eré, á gbé ọwọ́ sókè, á sì dá mi lóhùn: "A ó bálé o!"